Màrìwò Tí Mo Tú Lójú Ọ̀nà Joseph

Mi ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi kẹ́dùn. Àwọn tó fẹ́ bá mi kẹ́dùn ti ṣe é tán, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Àwọn tó fẹ́ bú mi ṣì ń bú mi, mo sì gbà fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí ni mo ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó mọ ẹni tó rán mi.

Orúkọ mi ni Adéwọlé. Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ Ìṣẹ̀ ni mí, bàbá mi sì fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí owó oṣù tíṣà ṣe rí. Oko yẹn ló ń bọ́ wa.

Joseph Ọlọ́runtọ́ba ni oko rẹ̀ bá tèmi pààlà. A jọ dàgbà ni. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mi ò mọ kòkó tó gbó yàtọ̀ sí èyí tí kò gbó, òun ló fà mí lọ́wọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀, nígbà tí mo bá wà níwájú pátákó ìkọ̀wé, òun ló ń bá mi rú kòkó tí mo sá sórí ẹní níwájú ahéré mi kó lè gbẹ dáadáa. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Tí mo bá na owó sí i, á ní, "Tíṣà, fi ra bisikí fún Ìbùkún." Ìbùkúnolúwa ni ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àwa oníkòkó, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Tí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò bo kòkó ẹni tí kò sí lóko. A kì í tọrọ àyè. Bí o bá ń bá ẹnìkan jà, wàá bo kòkó rẹ̀ ná, ìjà á wá máa bá a lọ tí òjò bá dá.

Lọ́dún 2024 ni kòkó gbówó lórí débi pé àwọn tí kò wọ ẹ̀wù oko rí ń wá ilẹ̀ kòkó rà. Àwọn tí kò rí ilẹ̀ rà ń jalè. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé kòkó orí ẹní mi ń dín kù. Lẹ́yìn náà mo rí ojú ẹsẹ̀ lórí ọ̀nà àbùjá kan tó ti inú oko Joseph gba ààlà wá sí ahéré mi.

Inú bí mi. Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnṣọlá lọ, àgbà alágbẹ̀dẹ kan ní Ìṣẹ̀, mo ní kó rọ tàkúté ńlá fún mi.

"Kí lo fẹ́ fi mú?"

"Ìmàdò ni, bàbá. Wọ́n ń ba iṣu mi jẹ́."

Ó ṣeé ṣe kó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n ó rọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo wá gbé e, ó di ọwọ́ mi mú.

"Gbọ́ o, ùwọ ọmọ ùwé yìí. Tí o bá dẹ ẹ́ s'úlẹ̀, so màrìwò sí orí ọ̀nà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí o sì sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gba ibẹ̀. Ọjọ́ tí o bá ká tàkúté kúrò ni o tó tú màrìwò. Ẹni tó bá rí màrìwò á yà. Ẹni tí kò bá rí i mọ́ á mọ̀ pé ọ̀nà ti dára."

"Bàbá, ọmọ ìjọ ni mí o."

"Ta ló ní kí o bọ ọ́? Ẹnu ni màrìwò. Òun ló ń gbẹnu sọ fún ọ nígbà tí o bá wà n'úlé."

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo dẹ tàkúté náà sáàrin ọ̀nà àbùjá, mo fi ewé bò ó, mo so màrìwò sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Mo sọ fún Joseph. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ńlá ni n ó máa gbà." Láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà ńlá ló ń gbà yí wá, nínú oòrùn, kó lè wá rú kòkó mi.

Olè náà dáwọ́ dúró. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á dúpẹ́. Èmi jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Iṣẹ́ mi kúkú ni. Mo ní olè yìí kò wá mọ́ láti ìgbà tí màrìwò ti wà níbẹ̀. Àlejò kò mọ ohun tí màrìwò ń wí, nítorí náà olè yìí kì í ṣe àlejò. Ó mọ oko mi, ó sì mọ ìgbà tí n kì í sí níbẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n tó Joseph?

Mo lé èrò náà dànù. Ó padà wá. Joseph ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páànù tuntun kan ilé rẹ̀. Praise, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, ti rí ọkọ ní Emùré, wọ́n sì ti ń múra sílẹ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mo ń bi ara mi pé, nínú oko kékeré yẹn? Gbogbo wa la rí owó kòkó lọ́dún yẹn, èmi náà ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n tèmi kò ṣe mí ní kàyéfì. Páànù Joseph ló ń ṣe mí ní kàyéfì.

Mi ò sọ fún un. A jọ ń jẹ iṣu sísun, mò ń bá a rẹ́rìn-ín, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bó iṣu, mò ń rò ó bóyá ọwọ́ yẹn ló ń kó mi ní kòkó. Ẹ wo irú èèyàn tí mo dà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé kan, èmi àti Tèmídayọ̀ ìyàwó mi lọ kó iṣu lóko. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà àbùjá, mo na ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí tú màrìwò.

"Bàbá Ìbùkún, ṣé ẹ fẹ́ ká tàkúté ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń tú màrìwò?"

"Olè mọ màrìwò. Tí màrìwò bá wà níbẹ̀, kò ní wá. Mo fẹ́ kó wá."

Ó gbé igbá iṣu kúrò lórí, ó gbé e sílẹ̀. "Bọ̀dá Joseph ńkọ́?"

"Tí kò bá jalè, kí ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Ẹ ṣáà pè é o. Ẹ fi fóònù pè é."

"Màá pè é."

Mo rìn lọ sí ìpẹ̀kun kejì, mo tú tibẹ̀ náà. Kí ẹ má baà sọ pé ẹ kò mọ̀: mi ò gbàgbé láti pè é. Nígbà tí a délé, mo mú fóònù, mo wá orúkọ rẹ̀ jáde, mo wò ó. Mo ní tí mo bá pè é, tó bá jẹ́ òun ni olè náà, mo ti kìlọ̀ fún olè. Mo fi fóònù sápò, mo lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ìpàdé òbí àti olùkọ́ wà nílé ìwé wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìpàdé parí, òjò ṣú lójú ọ̀run Ìṣẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo rántí kòkó tó wà lórí ẹní. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, tàkúté ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo gun ọ̀kadà, mo ní kó máa gbé mi lọ sóko.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí a dé ibẹ̀. Kòkó mi ti tutù rinrin lórí ẹní. Mo sì gbọ́ ohùn èèyàn tó ń kérora láti ọ̀nà àbùjá.

Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú mi dùn. Ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan ń ké o." Mo ní, "Jẹ́ kó ké. Olè ni." Mo wọ inú ahéré, mo jókòó sórí àpótí, mo ní kí òjò dá díẹ̀ ná. Mo ní kó jẹ̀rora, kó lè mọ bó ṣe ń dun ẹni tó lóko. Òjò ń lu páànù ahéré, ohùn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Ọlọ́kadà náà dìde, ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ ni mi ò lè fara dà mọ́ tí mo fi mú igi, tí a jọ lọ.

Joseph ni. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Eyín irin ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé egungun. Tapólì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, tirẹ̀ ni, torí ó mọ̀ pé tèmi ti fàya.

"Tíṣà," ó ní, "mi ò rí màrìwò mọ́. Mo rò pé o ti ká tàkúté. Mo ní kòkó rẹ á tutù."

Igi bọ́ lọ́wọ́ mi.

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Àwọn dókítà sa ipá wọn. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ti wọ ojú egbò náà, ó sì ti pẹ́ nínú òjò kí a tó tú u. Mo gbọ́ nígbà tí dókítà ń bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò tètè gbé e wá. Mo yọ́ jáde. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tó la ojú, èmi ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n pè.

"Adé, kí ló ṣe màrìwò?"

Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó ronú. "Mo gbàgbé, Joseph. Mo ká tàkúté ní Fúráìdé kí a lè kó iṣu kọjá, mo tú màrìwò. Nígbà tí mo dẹ ẹ́ padà, mo gbàgbé láti so ó."

Ó di ojú. "Ùgbàgbé, ta ni kì í ṣe?" Ó na ọwọ́, ó sì di ọwọ́ mi mú. Mo jẹ́ kó dì í mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ àbúrò òun kì í ṣe ẹsẹ̀ adìẹ, kóòtù ni òun ń lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ bá Akínwùmí, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ìṣirò nígbà kan, tó ti di lọ́yà ní Ìkẹ́rẹ́.

Ìròyìn tàkúté àti màrìwò náà ti dé etí rẹ̀. Ó fún mi ní ìjókòó. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Sà, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òfin ṣe rí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí èèyàn bá ṣe ẹnìkejì léṣe, òfin á wo ọkàn rẹ̀ ná. Ẹni tó da omi ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà tí ẹlòmíràn fi yọ̀ ṣubú, àìbìkítà ni tirẹ̀. Ẹni tó ti èèyàn ṣubú, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kán lè jẹ́ bákan náà, ẹjọ́ wọn kò rí bákan náà."

"Ti àìbìkítà ńkọ́?"

"Wọ́n á ní láti fi hàn pé ó yẹ kí ẹ ro ti ọkùnrin náà kí ẹ tó ṣe ohun tí ẹ ṣe, pé ẹ kò rò ó, àti pé àìrò yẹn gan-an ló ṣe é léṣe. Kódà bí wọ́n bá fi hàn, a lè sọ pé òun náà kò wo ilẹ̀ kó tó sáré. Adájọ́ lè pín ẹ̀bi náà láàrin yín."

"Èkejì yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn le, sà. Ẹ kò lè dẹ tàkúté fún èèyàn tán, kí ẹ tún sọ pé kí ni kò jẹ́ kó ṣọ́ra."

"Bó bá jẹ́ pé olè ni wọ́n dẹ ẹ́ fún, tó wá mú ẹlòmíràn?"

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. "Òfin ò gbà kí a dẹ irin fún èèyàn, ìbáà jẹ́ olè. Ẹni tó sọ òkò sí Táyé, tó wá ba Kẹ́hìndé, kò lè ní òun ò fẹ́ sọ òkò. Tí ọlọ́pàá bá sì gbọ́ irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n á wọ̀ ọ́." Ó tún gbé bíírò. "Ó yá, sà. Ẹ sọ fún mi báyìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí màrìwò?"

"Mo gbàgbé láti so ó padà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì bi mí ní ohunkóhun mọ́.

Nígbà tí mo délé, Tèmídayọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ sọ fún lọ́yà?"

"Ohun tí mo sọ fún Joseph."

"Pé ẹ gbàgbé?"

"Tèmídayọ̀, tí wọ́n bá mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ tú u, oko yẹn ti lọ nìyẹn. Kí ni Ìbùkún á jẹ? Kí ni wọ́n á fi san owó ilé ìwé rẹ̀? Bí a bá sọ òótọ́, ṣé ẹsẹ̀ Joseph á hù padà?"

Ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ sí ilé Joseph lẹ́yìn ìjọ́sìn ọjọ́ ìsinmi, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ fọ aṣọ, ó ń bá wọn gún iyán. Mo rò pé ó ń bá mi tún ilé ṣe ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá.

Pásítọ̀ ló pe ìdílé méjèèjì jọ sí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìṣẹ̀. Joseph jókòó, ó gbé igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé itan. Ìyàwó rẹ̀, Praise àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lápá kan, èmi àti Tèmídayọ̀ wà lápá kejì. Mo tún irọ́ mi rò lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ó ti dán mọ́nrán lẹ́nu mi báyìí. Èmi fúnra mi ti fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́.

Joseph ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé uṣẹ́ yìí fún lọ́yà. Èmi ní rárá. Adé gbàgbé ni. Èmi náà ti gbàgbé ilẹ̀kùn sí gbayawu rí, ewúrẹ́ jẹ uṣu ùyá Adé tán, ùyá rẹ̀ kò pè mí l'ẹ́jọ́. Ẹsẹ̀ ti lọ. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ tún lọ. Bó bá lè ràn mí lọ́wọ́ lórí owó ọsibítù, ó tó mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní bí ẹni tó ni ẹsẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, òun gbà. Mo sunkún. Gbogbo wọn rò pé ẹkún ìrònúpìwàdà ni. Ẹkún ẹni tó rí ọ̀nà àbáyọ ni.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde, ká gbàdúrà."

Gbogbo wa dìde. Tèmídayọ̀ nìkan ló jókòó.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbàdúrà sí i." "Kò gbàgbé."

"Tèmídayọ̀!"

"Kò ká tàkúté rárá lọ́jọ́ yẹn. Èmi àti ẹ̀ la jọ wà níbẹ̀. Ó tú màrìwò, ó fi tàkúté sílẹ̀. Mo bi í pé, 'Bọ̀dá Joseph ńkọ́?' Ó ní, 'Tí kò bá jalè, kí ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá?' Mo ní kó pè yín, ó ní òun á pè yín."

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?" Mo ti ń pariwo. "Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

Kò wò mí. Ó kúnlẹ̀ síwájú Joseph. "Bọ̀dá mi, ẹ foríjì mí. Mo ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́. Èmi náà lè pè yín, mi ò pè. Mo ti ń gbé e mì láti ọjọ́ náà, kò lọ."

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Praise fi ìborùn bo ojú. Ẹ̀gbọ́n Joseph ń bọ̀ wá bá mi pẹ̀lú ìkúùkù, Pásítọ̀ dí i lọ́nà. Joseph nìkan ni kò mira. Ó ń wò mí.

"Adé. Olè ni o pè mí?"

Mo wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pin sí.

"N'ìgbà tí o ń tú u, èmi ni o ń rò?"

Mo lè tún purọ́. Gbogbo ojú tó wà nínú yàrá náà ń wo ẹnu mi, ojú ìyàwó mi náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Praise, gbé ugi mi fún mi." Ó jáde, kò sì wo ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Akínwùmí gbìyànjú díẹ̀, ó wá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé, "Sà, kò sí ohun tí mo lè fi gbà yín mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ti jẹ́wọ́ lójú Pásítọ̀." Tèmídayọ̀ jẹ́rìí. Adájọ́ sọ̀rọ̀ ṣókí. Ó ní bó bá ṣe pé mo gbàgbé ni, ìyẹn á jẹ́ àìbìkítà ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n mo tú màrìwò, mo sì fi tàkúté sílẹ̀, bí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé máa bọ̀, ọ̀nà dára. Ó ní kò sí ẹ̀bi kankan tí òun rí pín fún Joseph. Mo ta apá tó dára jù nínú oko bàbá mi láti san owó tó dá.

Tèmídayọ̀ kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Òde-Èkìtì, ó mú Ìbùkún dání. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kì í ṣe tàkúté ló lé mi. Ẹ gbọ́ tó ń ké, ẹ jókòó." Ọlọ́kadà ti sọ fún gbogbo ayé. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bí ẹnu ará ìlú ṣe rí. Wọ́n gbọ́ tàkúté, wọ́n gbọ́ olè, wọ́n gbọ́ Joseph, wọn kò dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tó fi máa yí ká Ìṣẹ̀, ó ti di pé tàkúté tí tíṣà kan dẹ fún olè ló mú Joseph Ọlọ́runtọ́ba nínú oko olóko. Àwọn tó mọ òótọ́ ń sọ ọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló pọ̀ jù. Wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ìdílé ọkọ Praise rán èèyàn wá láti Emùré kí wọ́n ṣe ìwádìí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe kí a tó gbé ìyàwó. Wọ́n kò dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀. Ọjà ni wọ́n ti béèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná. Kò tún sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ tí mo gbé ìyókù owó tí kóòtù dá lọ sí ilé Joseph. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ìyàwó rẹ̀ gba owó náà lọ́wọ́ mi láìkí mi, ó wọlé lọ. Mo fẹ́ máa lọ.

"Dúró," Joseph ní. "O ti san ti ẹsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ti olè tí o pè mí ńkọ́?"

Ó wá sọ ti Praise fún mi. Ó ní ọmọ náà kì í jáde lọ sí ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Ó ní òun kò lè gbé igi ìtìlẹ̀ kiri Emùré láti ojúlé dé ojúlé kí òun máa sọ pé òun kì í ṣe olè, nítorí ẹni tó jalè náà á sọ bẹ́ẹ̀.

"Kóòtù kò lè bá mi gba ìyẹn padà. Ùwọ ni o gbé e jáde lẹ́nu rẹ. Ùyá àfẹ́sọ́nà Praise máa ń ka ùwé ìròyìn yìí, Praise bá a lọ́wọ́ rẹ̀ n'úlé wọn. Kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀. Má yí orúkọ mi padà o, má sì yí tìrẹ padà."

Mo ní, "Joseph, tí mo bá kọ ọ́, ṣé wàá dárí jì mí?"

"Tíṣà, èmi ò bá ọ dúnàádúrà. Orúkọ mi ni mo ní kí o dá padà."

Nítorí náà, ẹ̀yin ìdílé tí mò ń bá wí ní Emùré, ẹ mọ ara yín. Mi ò mọ ẹni tó jí kòkó mi títí di òní, mi ò sì wá a mọ́. Kì í ṣe Joseph Ọlọ́runtọ́ba. Ó wá bo kòkó mi nígbà tí òjò ṣú, mo sì jókòó sínú ahéré nígbà tó ń ké pè. Bí ẹ bá ń wá ìdílé tí ẹ ó sá fún, ìdílé tèmi ni kí ẹ sá fún. Praise ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé.